Omi Tó Há Sábẹ́ Dẹ́ẹ̀kì: Bí A Ṣe Ń Wá A Nínú Ọkọ̀ Ẹja, Bí A Ṣe Ń Lé E Jáde

Ọkọ̀ pákó tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ní Ẹ̀pẹ́ kò ní dẹ́ẹ̀kì. Omi tó bá wọ inú rẹ̀, ojú lẹ fi ń rí i, igbá lẹ fi ń gbọ́n ọn dànù, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkọ̀ fáíbà ló mú ilẹ̀ kejì wá: wọ́n tẹ́ pílíwúùdù lé egungun ọkọ̀, wọ́n fi fáíbà bò ó, wọ́n da fóòmù sáàárín dẹ́ẹ̀kì òkè àti ikùn ìsàlẹ̀. Ó dára láti dúró lé, àwọ̀n kì í kọ́ mọ́ nǹkan, ẹsẹ̀ ẹni kì í rin. Àmọ́ omi tó bá ti ráyè wọ abẹ́ ibẹ̀, ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ lè máa gbé e kiri ọ̀sà fún ọdún méjì, kí ẹ máa bú ẹ́ńjìnnì pé kò lágbára.

Bó ṣe ṣe àwa náà nìyẹn. Ọkọ̀ tiwa gùn tó mítà 6, ó fẹ̀ tó mítà 1.8, ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 ló wà nídìí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwa mẹ́ta jọ sún sí apá ọ̀tún láti fa àwọ̀n. Mo gbọ́ nǹkan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó dún wààà, bí ìgbà tí èèyàn bá da omi inú ìkòkò kan sínú òmíràn. Ọkọ̀ tẹ̀ sọ́tùn-ún, kò sì padà. Ó ku bí ìbú ọwọ́ kan kí omi ọ̀sà gba etí ọkọ̀ wọlé kí ẹ̀gbọ́n mi tó pariwo pé, “Ẹ tú ká! Ẹ bọ́ sáàárín!” Nígbà tí a fa ọkọ̀ gòkè tí a sì ṣí ìdí rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mọ́kànlá ló kún. Ìyẹn 275 kílò, bí ẹni pé àgbàlagbà mẹ́rin ló sùn sábẹ́ dẹ́ẹ̀kì tí a ò mọ̀.

Ìwúwo náà burú, ṣùgbọ́n ìrìn omi yẹn ló burú jù. Ẹni tó bá ti gbé bàsíà omi sórí rí á mọ ohun tí mò ń sọ: bí ẹ bá ti tẹ̀ díẹ̀, gbogbo omi á sáré lọ sí apá ibi tí ẹ tẹ̀ sí, òun fúnra rẹ̀ á tún wá fà yín lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì tó wúwo tó omi yẹn á jókòó síbi tí ẹ gbé e sí. Omi kì í jókòó.

Ìkíní: ṣé omi wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Ọkọ̀ tí kì í pẹ́ gbé ara sókè lórí omi tẹ́lẹ̀, tó wá ń wọ́ ìdí nílẹ̀. Epo tó ń gbé yín lọ tó ń gbé yín bọ̀ tí kò tó mọ́. Dẹ́ẹ̀kì tó ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ níbì kan. Ìdí ọkọ̀ tó rì ju bó ṣe máa ń rì lọ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí méjì nínú ìwọ̀nyí, ẹ fura.

Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ìlà ọ̀dà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gbẹ, tí ẹ́ńjìnnì wà lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí èèyàn tàbí ẹrù, ẹ gbé e sórí omi tó dákẹ́, kí ẹ fa ìlà tín-ín-rín síbi tí omi dé lára rẹ̀, níwájú, nídìí, lọ́tùn-ún, lósì. Fún ọkọ̀ tó tó tiwa, sẹ̀ńtímítà kan tó bá rì sí i jẹ́ nǹkan bí 80 kílò. Bí ìlà yẹn bá ti fi sẹ̀ńtímítà mẹ́ta wọ omi, nǹkan bí 240 kílò ń bẹ nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀.

Ẹ tún lè fi èkù òòlù kan dẹ́ẹ̀kì láti iwájú dé ìdí. Ibi tó le á dún kó, kó, kó. Ibi tí pílíwúùdù ti rà á dún bù, bí ẹni ń lu àpò gàrí. Ẹ fi ẹfun yí ibẹ̀ ká.

Ìkejì: epo ṣáájú omi

Kí ẹ tó mú irinṣẹ́ kankan, ẹ ṣí gbogbo ojú tó bá ṣeé ṣí lórí dẹ́ẹ̀kì, kí ẹ sún imú mọ́ ọn. Bẹntiróòlù tó bá ta sílẹ̀ nínú ọkọ̀ á wá ọ̀nà lọ sísàlẹ̀, á léfòó sórí omi tó wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ sì wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, kì í gòkè lọ. Iná bíńtín tó ń ta nínú dírílì tó láti fọ́n dẹ́ẹ̀kì ká. Nítorí náà ẹ gbé táńkì epo sọ̀ kalẹ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí ẹni tó ń mu sìgá lọ mu ún níbòmíràn. Bí òórùn epo bá wà, ẹ ṣí ọkọ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn ní ọjọ́ kan gbáko, ẹ fi omi ọṣẹ fọ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbọ́n ọn sínú kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe sínú ọ̀sà. Ẹ tún fimú gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó tan ohunkóhun. Mi ò ní sọ ju báyìí lọ lórí èyí, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó.

Ìkẹta: ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ kà á

Ẹ fa ọkọ̀ gòkè, ẹ fi táyà tàbí ìtì igi gbé iwájú rẹ̀ sókè kí ìdí lè rẹlẹ̀. Ẹ yọ kọ́ọ̀kù ìdí ọkọ̀, ìyẹn èdídí ihò tí omi abẹ́ dẹ́ẹ̀kì ń gbà jáde. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ihò náà, ẹ má jẹ́ kó ṣàn sílẹ̀ lásán, torí iye kẹ́ẹ̀gì ló máa ṣàlàyé fún yín. Lítà kan jẹ́ kílò kan, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin sì jẹ́ 100 kílò. Ẹ kọ iye tó jáde ní wákàtí àkọ́kọ́ sílẹ̀, ẹ kọ iye tó jáde títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ kọ èyí tó ṣì ń kán lọ́túnla.

Omi tó bá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà tó sì dá, omi lásán ni. Èyí tó ń kán tó, tó, tó fún ọjọ́ mẹ́ta, fóòmù ti mu ún nìyẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ ọkọ̀ tó tí yóò jáde tán.

Bí ohunkóhun kò bá wá jáde rárá ńkọ́? Ẹ má tíì yọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ihò tí omi òjò ń gbà kúrò lórí dẹ́ẹ̀kì lè yàtọ̀ sí ihò tó wà fún abẹ́ dẹ́ẹ̀kì. Mo sì ti rí ọkọ̀ tí ẹni tó kàn án kò lu ihò kankan sábẹ́ rẹ̀, ó ní òun ti dì í pa, omi kò lè wọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, àwọn igi gígùn tó jẹ́ egungun ọkọ̀ máa ń ní ihò kéékèèké nísàlẹ̀ tí omi ń gbà kọjá láti yàrá kan sí èkejì títí yóò fi dé ìdí. Ihò wọ̀nyí ló máa ń dí. Ẹ mú wáyà tó le díẹ̀, ẹ ká orí rẹ̀ bí ìwọ̀ kó má baà gún ikùn ọkọ̀, ẹ tì í wọlé láti ihò ìdí, ẹ máa yí i, ẹ máa fà á. Ohun tó ń jáde ni ìpẹ́ ẹja, awẹ́ àwọ̀n, èérún fóòmù. Nínú tiwa, nylon pure water kan ṣoṣo ló di ihò tí omi àárín ọkọ̀ yẹ kó gbà dé ìdí. Nígbà tí wáyà fà á jáde, omi tẹ̀ lé e, ó dúdú, ó sì ń rùn bí ẹja tó ti kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ rántí òórùn yẹn, a ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ìkẹrin: ẹ lu ojú kan tí ẹ ó máa fi wò ó

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré gé dẹ́ẹ̀kì yányán. Ẹ ṣe sùúrù. Ihò yíká kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 15, nítòsí ìdí, níbi tó rẹlẹ̀ jù, tó láti ti ọwọ́ àti tọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ẹ ra ìdérí rẹ̀ oníke tó ń yí pa kí ẹ tó lu ihò náà, kó má lọ jẹ́ pé ihò yín á tóbi ju ìdérí lọ.

Ohun tó ń ba èèyàn lọ́kàn jẹ́ níbi iṣẹ́ yìí ni kí dírílì gba dẹ́ẹ̀kì kọjá, kó tún gba ikùn ọkọ̀ kọjá. Ẹ mú téèpù, ẹ wé e mọ́ ẹnu dírílì ní mìlímítà 20 sí orí rẹ̀. Pílíwúùdù dẹ́ẹ̀kì àti fáíbà tó bò ó kì í sábà nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí téèpù bá ti kan dẹ́ẹ̀kì, ẹ dúró. Ẹ wo ohun tí dírílì hú jáde: ẹ̀rún igi tó funfun tó gbẹ dára, èyí tó dúdú, tó lẹ̀ mọ́ irin bí ẹ̀kọ, igi ti rà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ bu fóòmù. Ẹ gé e ní sẹ̀ńtímítà 10 gígùn, 10 ìbú, 10 gíga, ẹ gbé e lé ìwọ̀n àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Irú fóòmù tí wọ́n sábà ń dà sínú ọkọ̀, bó bá gbẹ, kò ju nǹkan bí 30 sí 40 gíráàmù lọ. Tiwa jẹ́ 410. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ya wá ní ìwọ̀n náà wò ó títí, ó ní, “Àbí ẹ ti fi sínú ṣúgà ni?”

Ìkarùn-ún: níbo ló gbà wọlé?

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá gbọ́n omi láìmọ ibi tó gbà wọlé, yóò tún padà wá gbọ́n ọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara omi fúnra rẹ̀. Ẹ kán díẹ̀ sórí nylon dúdú, ẹ gbé e sínú oòrùn. Bó bá gbẹ tó fi ojú funfun tó dà bí iyẹ̀fun sílẹ̀, omi oníyọ̀ ni, ìta ló ti wọlé, láti ikùn tàbí ìdí ọkọ̀. Bí kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjò. Àwọn tó ń pẹja létí òkun, ní Ìlàjẹ tàbí lápá Àgbádárìgì, lè gbẹ́kẹ̀ lé èyí. Àwa ara Ẹ̀pẹ́ kò lè fi bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e, torí omi ọ̀sà Lẹ́kkí kò níyọ̀ tó ti òkun, omi òjò àti omi ọ̀sà lè jọ ara wọn lórí nylon.

Ẹ má fojú kéré òjò o. Dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ wa fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 10 níbùú lóròó. Òjò tó bá kún abọ́ dé mìlímítà 50 lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, lítà 500 ló dà sórí dẹ́ẹ̀kì yẹn, ogún kẹ́ẹ̀gì. Bí ìdá mẹ́wàá rẹ̀ péré bá gba ihò skúrúù wọlé, kẹ́ẹ̀gì méjì ni lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Omi òjò tún burú fún igi ju omi òkun lọ, torí iyọ̀ kì í jẹ́ kí olu tó ń jẹ igi ráyè dáadáa.

Fún omi tó ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, ẹ yí ìdánwò náà padà: ẹ da omi sínú, kí ẹ wò ó níta. Ẹ gbé ọkọ̀ lé táyà tó pọ̀ tó kí ikùn rẹ̀ má ṣe so rọ̀, ẹ nu ìta rẹ̀ gbẹ, ẹ lọ ẹfun, ẹ pa á mọ́ gbogbo ikùn àti ìdí ọkọ̀. Ẹ wá po búlúù ìfọṣọ sínú kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dà á sábẹ́ dẹ́ẹ̀kì láti ojú ihò tí ẹ lù. Ẹ jókòó. Níbi tí búlúù bá ti yọ lára ẹfun bí òógùn, ẹ fi ìṣó fa àmì síbẹ̀. Ẹ wo ìdí kọ́ọ̀kù, ẹ wo ibi tí bóòtù ẹ́ńjìnnì gbà kọjá, ẹ wo abẹ́ ibi tí ọkọ̀ máa ń ha yanrìn nígbàkigbà tí ẹ bá ń gúnlẹ̀.

Fún omi tó ń ti òkè wá, kí ẹnì kan dojú kọ ihò àyẹ̀wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹlòmíràn máa fi rọ́bà da omi sórí dẹ́ẹ̀kì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ sí ibi tó ga jù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá níbì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn dé gbogbo ibi, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Àwọn tí mo máa ń fura sí ni skúrúù tí wọ́n fi de àga, ìdè okùn, etí tí dẹ́ẹ̀kì ti pàdé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lábẹ́ rọ́bà tó yí i ká, àti páìpù àpótí ẹja.

Páìpù yẹn ló mú wa. Àpótí tí à ń kó ẹja àti yìnyín sí ní páìpù kan lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì tó yẹ kó da omi yìnyín sí ìta. Ó ti já kúrò lẹ́nu àpótí, bóyá láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án, bóyá ẹsẹ̀ ẹnì kan ló fọ́ ọ. Ní gbogbo ìgbà tí yìnyín bá yọ́, abẹ́ dẹ́ẹ̀kì ló ń lọ, nylon sì wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kó jáde. Yìnyín 50 kílò, lítà 50 ni bó bá yọ́ tán. Yìnyín tiwa fúnra wa ló ń rì wá. Ìdí nìyẹn tí omi náà fi ń rùn bí ẹja. Ká ní mo ti fi imú ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò bá má ti fi ọjọ́ méjì wá ihò nínú ikùn ọkọ̀ tí kò ní ihò.

Ìkẹfà: fóòmù tó ti mumi

Wọ́n á sọ fún yín pé ẹ fi ọkọ̀ sínú oòrùn ọyẹ́, yóò gbẹ. Omi lásán á gbẹ. Fóòmù kò ní gbẹ, torí ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tó ti gba omi dà bí yàrá tí kò ní fèrèsé, afẹ́fẹ́ kì í dé ibẹ̀. Ẹ ó hú u ni.

Ẹ ya fọ́tò dẹ́ẹ̀kì kí ẹ tó gé e, ẹ wọn ibi tí egungun ọkọ̀ gbà, ẹ fi ẹfun fa ìlà. Ẹ fi sẹ̀ńtímítà márùn-ún sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí dẹ́ẹ̀kì tí ẹ máa dá padà lè rí etí jókòó lé. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ayùn oníná yọ díẹ̀ péré, kó gé dẹ́ẹ̀kì nìkan. Ẹ kọ nọ́ńbà sórí pátákó kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń gbé e sókè, bó tilẹ̀ rà, torí òun lẹ máa fi wọn tuntun.

Ẹ fi ṣọ́bìrì kékeré àti àdá tó kú hú fóòmù náà. Ẹ wọ awò àti ìbomú, fáíbà tí ẹ gé a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, a sì máa yún èèyàn lára fún ọjọ́ méjì. Ẹ má sun fóòmù, èéfín rẹ̀ májèlé ni. Ẹ má sì dà á sínú ọ̀sà; bó bá dé ẹnu ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n á sọ.

Nígbà tí abẹ́ bá ti ṣófo, ẹ yẹ egungun ọkọ̀ wò. Fáíbà tó bò ó lè dán bí awo kí igi inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ẹ lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nísàlẹ̀, ní gbogbo ìdajì mítà. Ẹ̀rún igi ni yóò sọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún pátákó ìdí tí ẹ́ńjìnnì so mọ́. Bí ìyẹn bá rà, ẹ má tíì gbé ẹ́ńjìnnì padà síbẹ̀ rárá.

Ìkeje: gbígbẹ

Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo abẹ́ náà ná, pàápàá bó bá jẹ́ òkun lẹ ti ń ṣiṣẹ́, torí iyọ̀ tó bá kù á máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, oòrùn lọ́sàn-án, tápólì lálẹ́. Àkókò ọyẹ́, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ló dára jù.

Ọwọ́ kì í mọ̀ bóyá igi ti gbẹ. Ẹ gé nylon funfun, ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀, bí ìrì bá wà lábẹ́ nylon, kò tíì gbẹ. Tiwa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó ń dù láti padà sódò lọ́sẹ̀ kan, tó fi fáíbà bo igi tútù, ó ti omi mọ́lé ni.

Ìkẹjọ: bíbò ó padà

Ẹ fi gráńdà họ ojú fáíbà àtijọ́ títí yóò fi yọ funfun, fáíbà tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ibi tó ń dán. Ẹ pa rẹ́sìnì, oje tí wọ́n fi ń mú fáíbà le, mọ́ gbogbo ojú igi tuntun, pàápàá etí tí ayùn gé, torí etí yẹn ló ń mumi bí kànìnkànìn. Máàtì, ìyẹn aṣọ fáíbà, kílò kan rẹ̀ máa ń gba rẹ́sìnì bíi kílò méjì sí méjì ààbọ̀.

Àwọn tó ń ta rẹ́sìnì lọ́jà sábà máa ń ta ohun tó ń mú un yá àti ohun tó ń mú un le lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú ìgò méjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn láé. Wọ́n lè bú gbàmù lójú yín. Ẹ kọ́kọ́ po èyí tó ń mú un yá mọ́ rẹ́sìnì dáadáa, lẹ́yìn náà lẹ ó wá fi èyí tó ń mú un le sí i, mìlílítà 10 sí 20 sí kílò rẹ́sìnì kan, nínú abọ́ kékeré tí ẹ lè lò tán kó tó dì. Bó bá ta sí ojú, ẹ da omi sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ máa gbé ẹni náà lọ ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe é bí òjò bá ti ṣú.

Skúrúù ńkọ́? Ihò tí ẹ lù fún un, ẹ lù ú kó tóbi ju skúrúù lọ, ẹ fi ẹ́pọ́sì, gọ́ọ̀mù tó ń le bí òkúta, dí i pátá, bó bá ti le kí ẹ tún lu ihò kékeré sáàárín ẹ́pọ́sì náà. Bí omi bá tilẹ̀ gba ibẹ̀, kò ní kan igi. Sílíkóònù táwọn tó ń fi fèrèsé sí ilé ń lò kì í pẹ́ ṣí kúrò lára fáíbà, lẹ́yìn rẹ̀ kò sì sí ohun tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀.

Ìkẹsàn-án: ṣé kí á dá fóòmù padà?

Àwọn kan hú fóòmù dànù, wọ́n sì tẹ́ dẹ́ẹ̀kì lórí òfìfo. Ọkọ̀ wọn fúyẹ́, inú wọn dùn. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kún fómi lójú ọ̀sà, fóòmù yẹn ni ì bá gbé e ró kí ẹ lè rí nǹkan dì mú. Nǹkan tó léfòó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Èyí tí a ṣe ni kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún tó ṣófo, tí a fi gọ́ọ̀mù di ìdérí rẹ̀, tí a sì so mọ́lẹ̀ kó má rìn. Kẹ́ẹ̀gì 60 jẹ́ lítà 300, ó lè gbé tó nǹkan bí 300 kílò ró. Omi ń kọjá láàárín wọn, a sì lè kó wọn jáde láti yẹ̀ wọ́n wò. Bí ẹ bá fẹ́ràn fóòmù tí à ń dà, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ páìpù ike tí ẹ fi nylon wé sí ìsàlẹ̀ pátápátá, láti iwájú dé ìdí, kí ẹ tó dà á. Bó bá dì tán, ẹ fa páìpù yọ, ọ̀nà omi á kù síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dà á, ìwúsókè rẹ̀ lágbára tó láti gbé dẹ́ẹ̀kì. Fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Rárá. Bẹntiróòlù ń yọ́ ọ, rẹ́sìnì ń yọ́ ọ.

Ìkẹwàá: kó má tún ṣẹlẹ̀

Ẹ fi ojú àyẹ̀wò mẹ́ta sílẹ̀ ó kéré tán: ìdí, àárín, iwájú. Ẹ gbé páǹpù bátìrì sí ibi tó rẹlẹ̀ jù, ẹ gba wáyà rẹ̀ láti ara bátìrì tààrà, kí fíúùsì wà lára rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí páǹpù mú yín gbàgbé igbá ìgbọ́nmi, torí iye omi tí wọ́n kọ sára páǹpù kì í ṣe iye tó ń gbé gòkè láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá sùn sókè, ẹ yọ kọ́ọ̀kù, ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, ẹ ta tápólì lórí igi kó dagẹ̀rẹ̀, kí òjò má ṣe adágún lórí rẹ̀.

Yíyọ kọ́ọ̀kù dára, gbígbàgbé láti dá a padà ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe. Àwa ti ri ọkọ̀ létí èbúté báyẹn rí, níṣojú àwọn ìyálọ́jà ẹlẹ́ja. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti yọ kọ́ọ̀kù, ẹnu rọ́bà epo tó ń lọ sínú ẹ́ńjìnnì la máa ń so ó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ́ọ̀kù.